Orúkọ Tó Dí Ẹnu Táǹkì

Kò sí ẹni tó lè sọ pé jórinjórin kan báyìí àti ìyàwó rẹ̀ kò ṣe oore. Ogójì ọdún gbáko ni wọ́n fi sin àdúgbò wọn. Ọkọ ló jó irin ṣe àga ilé ìwòsàn, òun náà ló tún ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ aláìníyàá. Nígbà tí omi di ọ̀wọ́n, wọ́n gbé táǹkì irin ńlá kan dúró lórí òpó mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ní kí tẹrú tọmọ máa wá pọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè wọ́n ní Bàbá Olómi àti Ìyá Olómi.

Táǹkì náà ní ihò kan lókè tí ènìyàn lè gbà wọlé lọ fọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi tó bá kún jù ń gbà jáde. Ẹnu páìpù tó ń gbé omi wá sílẹ̀ sì ga ju ìsàlẹ̀ táǹkì lọ ní ìbú ọwọ́ kan, kí ìdọ̀tí lè sùn sísàlẹ̀, kí omi tó tòrò nìkan máa jáde. Ọgbọ́n gidi ni, bí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu oore, Bàbá Olómi gé irin pẹlẹbẹ kan, ó kọ orúkọ òun àti ti ìyàwó rẹ̀ sí i gàdàgbà. Ó ní òkè táǹkì ni gbogbo ayé yóò ti rí i. Kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e, ó jó o mọ́ ìdérí ihò náà, ó sì jó ìdérí mọ́ táǹkì.

"Bàbá wa, ibo la ó wá máa gbà fọ̀ ọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Omi ló ń fọ nǹkan. Ta ló ń fọ omi?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni wọ́n ń kun òde rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sí ojú tó wo inú rẹ̀.

Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Onípáìpù kan tó ń gbé ní òdìkejì wá bá wọn. Onígbàgbọ́ ni, Bàbá Olómi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, a máa pè é ní Pásítọ̀ Onípáìpù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣí táǹkì yìí."

"Kí n fọwọ́ ara mi gé orúkọ mi kúrò? Pásítọ̀, ife omi mélòó nìwọ ti fún aráyé rí?"

Inú bí Ìyá Olómi náà. Ó bu omi kún ife lójú gbogbo àwọn tó dúró, ó gbé e mu tán. "Ó dáa. Ṣé mo ti kú?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èébì kò jẹ́ kó gbórí sókè mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í lórí àga tí òun fúnra rẹ̀ jó. Àga náà kò lè ṣe nǹkan kan fún un.

"Omi tí wọ́n mu ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ mẹ́ta láti àdúgbò yín wà ní yàrá kejì."

Aláìsàn rọra lajú. "Bàbá wa, ẹ lọ ṣí i."

Bàbá Olómi gbé ẹ̀rọ ìgérin. Onípáìpù di àkàbà mú fún un. Ó wo yíká táǹkì, ó ń wá ibòmíràn tí òun lè gbà.

"Ibi tí orúkọ yín wà nìkan ni ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n."

Ó gé e. Bí ìdérí ti ṣí ni òórùn kọ lù ú, ó bì. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ kí omi dà tán, ìdọ̀tí wá kù nílẹ̀, dúdú, yíyọ̀ bí ikun imú. Egungun alángbá wà níbẹ̀. Eku mẹ́ta wú síbẹ̀, irun ń bó lára wọn, ìdin ń yí lójú wọn. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ tí kò ní asẹ́ lẹ́nu ni gbogbo wọn gbà wọlé. Ẹrẹ̀ náà ti ga dé ẹnu páìpù. Ìyẹn ló fà á tí omi fi ń tòrò ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rùn.

"Ohun tí à ń mu nìyí," ni Bàbá Olómi wí.

"Ohun tí ẹ ń fún wa mu ni," ni onípáìpù dáhùn, kò gbóhùn sókè.

Bàbá Olómi wọ inú táǹkì, ó ń fi korobá kó ẹrẹ̀ náà. Bó ti ń kó o ni ó ń rántí. Ọmọ òrukàn tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lójú èrò kó tó gba ṣòkòtò. Opó tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹ̀rọ omi nítorí pé kò kí wọn. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára ju eku lọ.

"Àbúrò, inú tèmi gan-an nìyí."

"Bí tèmi náà ti rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Táǹkì kì í fọ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń wọ inú rẹ̀ lọ. Jésù kò sá fún òórùn wa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń fọ̀ wá. Ẹ sáà ṣí i fún un."

Bàbá Olómi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Olúwa, orúkọ mi ni mo fi dí ọ̀nà. Gé e kúrò. Wọlé, kí o fọ̀ mí."

Ní ọjọ́ kẹfà, ara ìyàwó rẹ̀ yá, ti àwọn ọmọ náà sì yá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sunkún. "Ìgbéraga lèmi náà fi gbé ife yẹn mu," ló wí, òun náà sì fi ara rẹ̀ fún Olúwa lórí ibùsùn. Irin orúkọ náà ńkọ́? Ọkọ gé e sí wẹ́wẹ́, ó fi jó àkàbà tí wọ́n ń gbà wọ inú táǹkì lọ fọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.

Ọ̀rẹ́ mi, òde rẹ lè máa dán. Ó lè jẹ́ pé ìwọ lò ń bọ́ àdúgbò rẹ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ìdérí rẹ ṣí kẹ́yìn? Ìdọ̀tí a máa sùn jẹ́ẹ́, a sì máa ga sí i, títí yóò fi dé ẹnu páìpù. Má dúró di ìgbà tí yóò rùn. Níbi tí o jókòó sí yìí, lónìí, sọ fún Jésù pé kó wọlé. Yóò rí ohun tó wà níbẹ̀, kò sì ní fọwọ́ bo imú.