Gíríìlì Tí Wọ́n Ní Àkíbù Jí

Ọkọ̀ náà kò ní ojú. Ohun tí Tàófíìk kọ́kọ́ rí nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ̀ kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ wọ́ ọ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà: ọkọ̀ àtijọ́ onílẹ̀kùn méjì, tí ihò gbàgà wà níbi tó yẹ kí gíríìlì iwájú rẹ̀ wà. Ohun kejì tó rí ni ọmọbìnrin tó jókòó sídìí sítíárìn, tí eruku ti sọ irun rẹ̀ di pupa, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Òòlù tó fi ń na ara ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ panẹbítà wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló bọ́ sí, kò sì mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá gíríìlì sí i," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣèyífúnmi lorúkọ mi, láti Èrúwà. Bàbá mi ní tí mo bá lè jí i dìde, kó di tèmi."

Tàófíìk fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe onínàró fún un. Ṣèyífúnmi ní ó jọ fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá. Tàófíìk ṣe oníbùú, ọmọbìnrin náà ní ó jọ ẹni tó ń bínú. Tàófíìk hun òmíràn bí àwọ̀n, Ṣèyífúnmi wò ó títí, ó ní òun ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé kì í ṣe gíríìlì ló ń wá mọ́. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún, ọ̀dà ti gbẹ, síbẹ̀ ó ṣì ń gun ọ̀kadà wá láti Èrúwà wá sọ pé irin kan ga ju èkejì lọ.

"Àyànfẹ́ mi, ṣé o máa yan ọ̀kan kí n tó hewú?" ni Tàófíìk bi í.

"Tó o bá hewú, mo máa bá ọ tu ú." Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ yẹ̀ kúrò lórí "ẹ" ọ̀wọ̀ tó máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Inú Tàófíìk dùn débi pé ó ní òun fẹ́ wá rí àwọn òbí rẹ̀.

"Ta ni kí n sọ pé ó ń bọ̀?"

"Tàófíìk, ọmọ Àkíbù."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ṣèyífúnmi. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ orúkọ yẹn nílé. Panẹbítà ni Àkíbù; òun ni Tíṣà Obadiah, bàbá Ṣèyífúnmi, gbé ọkọ̀ náà fún láti tún iwájú rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ dé, gíríìlì kò dé. Àkíbù búra pé inú búùtù lòun fi í sí. Tíṣà ṣí búùtù lọ́jọ́ kejì, òfìfo ló bá. Ó pè é lólè níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà, àwọn yẹn sì kó ọkọ̀ wọn lọ. Àkíbù bá padà sóko.

Nígbà tí Tíṣà gbọ́ orúkọ náà, ó dìde lójijì débi pé àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí sọ pé ọmọ mọ́ṣáláṣí ni ọ̀kan, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èkejì. "Ọmọ olè? Kó gbé gíríìlì mi wá ná, kó tó wá gbé ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dá Tàófíìk lágara. Tó bá gbé gíríìlì lọ, ó ti jẹ́rìí pé bàbá òun jalè nìyẹn. Tí kò bá gbé e lọ, Ṣèyífúnmi bọ́. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ lóko, ó rò ó fún un.

Àkíbù mú igi kan, ó sì ya àwòrán gíríìlì náà sílẹ̀: irin onínàró, tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè. "Rọ ọ́. Orúkọ mi ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyàwó tìẹ ò gbọdọ̀ bọ́."

Tàófíìk sunkún bó ṣe ń rọ ọ́.

Àti bàbá àti ọmọ ló lọ sí Èrúwà. Tàófíìk dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gíríìlì níwájú rẹ̀. Tíṣà wò ó, ó mi orí. "Ẹ rí i? Wọ́n ti jẹ́wọ́." Àkíbù kàn wolẹ̀.

Ìyá Ṣèyífúnmi gbé omi jáde fún àlejò. Ó rí irin nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun o. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ tún gbé òmíràn wá? Tèmi ò tíì bàjẹ́."

"Tìẹ wo?" ni Tíṣà bi í.

"Èyí tí ẹ rà fún mi, tí ẹ fi sí búùtù ọkọ̀. Ẹ rántí pé mo bẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yẹn pé kí ẹ bá mi wá irin tí mo lè máa yan ẹja lórí ẹ̀. Mo dúpẹ́, ẹ ní 'hẹn'. Ìwé ìròyìn lẹ ń kà."

Ó wọlé, ó gbé e jáde. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, irin kan ti wọ́, ẹja àrọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí èyí tó wà nílẹ̀ gẹ́lẹ́.

Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń pariwo gíríìlì, Màmá àti ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé irin ẹja wọn ni. Tíṣà ní tirẹ̀ kò tẹsẹ̀ wọ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ọkùnrin kì í wọbẹ̀, ló máa ń wí. Ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ síwájú Àkíbù.

"Bàbá Tàófíìk, ẹ foríjì mí. Ẹja yẹn, èmi ni mo ń jẹ ẹ́."

Omi lé ròrò lójú Àkíbù. "Ẹ dìde, Tíṣà. Mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé Ìgbó-Ọrà, kí ẹ lọ wí i létí àwọn tí ẹ wí tàkọ́kọ́ fún."

Tíṣà lọ, ó sì wí i, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, Tàófíìk gbé gíríìlì méjèèjì sílẹ̀. "Ìyàwó mi, yan ọ̀kan lónìí."

"Èyí tó dúdú," ni Ṣèyífúnmi wí. "Má na irin tó wọ́ yẹn o. Kí Màmá máa fi tuntun yan ẹja."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn bàbá méjèèjì há sẹ́yìn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná ni òórùn ẹja yíyan ń gba ojú ọ̀nà. Tíṣà ní kí wọ́n yára, ebi ń pa òun. Àkíbù ní kí wọ́n rọra, kí gbogbo ará Ìgbó-Ọrà lè rí ojú ọkọ̀ náà dáadáa.