Ohùn Tó Dáhùn Lẹ́tà Màmá Tempie

Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòrókòró. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí Kansas, kó bi àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Èmi Viney kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Mo ti ṣe ẹrú rí.

Nígbà tí ogun parí tí wọ́n dá wa sílẹ̀, kò sí ìdílé aláwọ̀ dúdú tí wọn ò ta ẹnì kan sọnù nínú rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, kí oníwàásù tó dìde, a máa ń ka lẹ́tà àwọn tó ń wá èèyàn wọn. A sì ń fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri. Èmi tí mo mọ̀wé ni mo ń bá àwọn ará ibí kọ tiwọn, èmi náà ni mo ń kà á. Ẹni tó bá mọ ẹni tí wọ́n ń wá á dìde, á dáhùn. Lẹ́tà tí wọ́n bá ti dáhùn, a ó fà á ya, a ò ní kà á mọ́.

Ti Màmá Tempie ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Orrin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n tà á ní Tennessee. Ó ti di ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Màmá Tempie bá wa wá gba ilẹ̀ oko níbí, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé ọmọ òun ò ní mọ ibi tí òun wà.

"Viney, kà á sókè o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ńṣe lò ń kùn bí oyin."

"Màmá, ẹ jẹ́ n mí ná."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, òjò dídì bo gbogbo ilẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà tán. Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn.

"Èmi nìyí, Màmá."

Ohùn ọmọdé ni. A yíjú. Kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí ipasẹ̀ kankan níta, àfi ti àwa àgbà.

Màmá Tempie gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó fà á ya.

"Ó ti dáhùn."

"Màmá, Orrin á ti di géńdé báyìí."

"Ṣé mi ò mọ ohùn ọmọ mi ni?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń se oúnjẹ ẹni méjì. Inú ilẹ̀ la gbẹ́ àwọn ilé wa sí. Bí mo bá ń kọjá lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín Màmá Tempie. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo tún ń jowú rẹ̀, torí àwọn tèmi ò dáhùn rí.

Nígbà tí òjò dídì yọ́, ọkùnrin gíga kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Orrin ni mí. Ibi tá a ti ń tẹ́ ojú irin ní Texas ni wọ́n ti ka lẹ́tà màmá mi."

Ó fi àpá iná ọrùn rẹ̀ hàn mí. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà ló rí.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Màmá Tempie ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó látòkè délẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpá náà.

"Màmá," Orrin wí.

Ohùn ọmọdé kan ké láti inú ilé: "Màmá, ta nìyẹn?"

Mo gbọ́. Orrin náà gbọ́. Màmá Tempie wẹ̀yìn, ó tún wò wá.

"Àlejò ni, ọkọ mi."

Ó rọra tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Orrin fi kan ìlẹ̀kùn náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Àǹtí Viney, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò bínú."

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, mo dúró síta ilé náà, mo jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Kì í ṣe Màmá Tempie ló dá mi lóhùn.

"A ti gbọ́, mà."