Fóònù Tó Ń Dákẹ́ Nílé

Afínjú gun àga ìdáná, ó na fóònù sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó yọ síìmù, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó dá a padà. Pàbó! Ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé fóònù yìí kan náà dé ilé ìwòsàn, ṣe ló ń dún kíkankíkan.

Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Afínjú ló fi fóònù dídán náà ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ìyá sì ti sọ ọ́: "Bí kò bá bá mi lára mu, màá dá a padà." Kí ni Afínjú yóò wá máa fi ya fọ́tò nírọ̀lẹ́? Nítorí náà, Afínjú pa ẹnu mọ́.

"Ṣé wọ́n pè mí?" ni ìyá béèrè láti yàrá.

"Wọn ò pè yín, Màmá."

Kò purọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Kò pẹ́ ni káfíńtà òpópónà kejì já wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. "Ẹ gbà mí o! Mo pè yín títí! Ìyàwó mi ń rọbí!"

Ìyá sáré, Afínjú gbé àpò iṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ ti wáyé kí wọ́n tó débẹ̀, kò sì ké. Ìyá ń fi aṣọ gbígbẹ ra á lẹ́yìn, ó ń ra á. Lẹ́yìn ò rẹyìn, ọmọ ké.

Lọ́jọ́ kejì, alátùn-únṣe fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. "Kò bàjẹ́. Ìgbì tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín ń lò kò sí nínú rẹ̀. Ti òpó ilé ìwòsàn ló wà nínú rẹ̀."

"Ṣebí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni?" ni Afínjú béèrè.

"Òun ni, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ pọ̀. Bíi rédíò ni. Tí rédíò rẹ kò bá lè yí débi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kí lo máa gbọ́? Ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ìgbì tiwọn ni wọ́n fi sí i."

Orí Afínjú tún dàrú sí i. "Màmá, kò tíì yé mi. Lánàá nílé, mo yọ síìmù rẹ̀, mo nù ún, síbẹ̀ kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ìyá ń ki síìmù padà sínú fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àtijọ́. "Kò yé èmi náà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kò dún nílé, o sì dákẹ́."

Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí nǹkan rú lójú tó sì panu mọ́ ló ń ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.