Ojú Ìwé Tó Dúró Láàárín

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan lọ́dún 1994, wọ́n ká ìbéèrè ìdánwò mọ́ ọmọ iléèwé kan lọ́wọ́ nítòsí réluwéè Ọ̀fà, ìdánwò tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ kejì. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ti Roseline, olùkọ́ tó tẹ ìbéèrè náà sínú kọ̀ǹpútà, mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tẹ́ṣàn, kò jẹ, kò mu.

Ọkàn Insípẹ́kítọ̀ Kamaldeen kò balẹ̀. Lẹ́tà inú ìwé tí wọ́n gbà náà tóbi gan-an. Ojú ìwé kejì tún dúró láàárín, ìyókù wá bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé mìíràn.

Ènìyàn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà: Roseline àti ọ̀gá iléèwé, Alhaji Abdulganiyu, ẹni tí Kamaldeen ti kírun lẹ́yìn rẹ̀ láìmọye ìgbà.

“Èmi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tan nǹkan yẹn,” ni Alhaji wí, ó ń nu dígí ojú rẹ̀ tó nípọn. “Roseline ni kẹ́ ẹ bi.”

Kamaldeen ránṣẹ́ pe Olúyẹmí tó kọ ètò tí kọ̀ǹpútà náà ń lò. Olúyẹmí tẹ àṣẹ kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì yọ: 5.

“Ohun tí ẹni tó lò ó kẹ́yìn yàn nìyẹn, sà. Fáìlì kékeré kan ló ń tọ́jú ẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan téèyàn lè yàn ló ní nọ́ńbà tiẹ̀: lẹ́tà ńlá, oókan. Kó má pariwo, eéjì. Kó dúró bí àkókò ìrun bá tó, ẹẹ́rin. Ó máa ń ro wọ́n pọ̀ ni. Oókan àti ẹẹ́rin ló di aárùn-ún yìí, láti ọjọ́ Jímọ̀.”

“Bí àkókò ìrun bá bá a lẹ́nu ìwé títẹ̀ ńkọ́?”

“Á dúró síbi tó dé, á máa ké, títí wọ́n á fi tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, orí ìwé tuntun ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kamaldeen pe Alhaji wá síwájú kọ̀ǹpútà tí Olúyẹmí ti tàn sílẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ òjò àti iṣu ìlú Ojoku. Lójijì, àkókò ìrun tó, ẹ̀rọ náà ké. Ọwọ́ Alhaji nà jáde fúnra rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ariwo sì dákẹ́.

“Alhaji, ṣebí ẹ ní ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án.”

Alhaji wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ọmọ mi ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì, Kamaldeen; òun ni mo tẹ̀ ẹ́ fún. Ojú ń tì mí láàárín ìlú.”

“Ojú Roseline dá ṣáká, Áńgílíkà sì ni. Kí ló fẹ́ fi lẹ́tà ńlá àti aago ìrun ṣe? Ẹ dá olè jíjà dúró, ẹ lọ kírun, ẹ tún padà wá parí ẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ wá jẹ́ kí n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé!” Ó dun Kamaldeen dé egungun.

Alhaji bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kírun kí wọ́n tó máa lọ. Kamaldeen gbà, ṣùgbọ́n òun kò tò sẹ́yìn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí sẹ́ẹ̀lì. Roseline kò dúpẹ́.

“Ojú àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ ṣe mú mi,” ó ní. “Ṣé ẹ máa bá mi padà lọ sọ fún wọn?”

Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì bá tiwọn lọ; wọn ò dúró gbọ́ èsì Kamaldeen.