Ìwọ̀n Àtàǹpàkò

Láti ọdún tí àwọn ajá àṣẹ̀dá ti kọ àṣẹ, kò sí ẹni tó tún ń rin Ọ̀nà Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òfo. Inú ìkòkò gíláàsì ni àwọn onímọ̀ ti mú àwọn ajá náà dàgbà, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ìlú tí àwa Yorùbá tẹ̀ dó sórí Ìràwọ̀ Pupa. Wọ́n tóbi tó ọmọ màlúù, wọn kì í gbó, wọn kì í sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dédé kọjú ìjà sí àwọn tó ń bọ́ wọn, wọ́n sì sá wọ kọ̀rọ̀ Ọ̀nà Tẹ́ẹ́rẹ́. Ni ìlú bá ṣòfin: ẹni tí kò bá ní ìbọn ìléwọ́ lára, ẹnubodè kò ní ṣí fún un.

Òfin yìí ló gbé Ọdẹ́bùnmi, agbẹ̀bí, dé ilé iṣẹ́ Ẹnjiníà Olúfúnwá, ẹni tó ń rọ ìbọn. Igbá gíláàsì ńláńlá méjì tí wọ́n dojú wọn dé ni ìlú náà. Inú wọn nìkan ni èémí wà. Òtútù tí í pani ló wà níta. Ọ̀nà Tẹ́ẹ́rẹ́ ló so igbá méjèèjì pọ̀, ògiri rẹ̀ kò sì nípọn ju pátákó kan lọ. Ní Igbá Kejì, oyún ìyàwó kan ti pé oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí agbẹ̀bí kankan níbẹ̀.

Bàbá Ọdẹ́jìnmí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló sìn ín wá. Ìdílé ọdẹ ni wọ́n, àṣà kan kò sì yẹ̀ nílé wọn láti ayé àtijọ́: bí ọmọ ilé bá gba ìbọn, olórí ẹbí a ti àtàǹpàkò bọ ẹnu ìbọn náà. Bí ó bá wọ̀ ọ́ rẹ́gí, a ki oríkì ilé, a súre. Kódà ó wà nínú oríkì wọn: ọmọ a-fi-àtàǹpàkò-wọn-ìbọn. Ìbọn tí kò bá gba àtàǹpàkò, kò sí ìre fún un.

Ẹnjiníà to ìbọn mẹ́ta sórí tábìlì.

"Àníkẹ́, gbé àgbà wọn!" ni Bàbá wí. Bí inú rẹ̀ bá dùn ló máa ń fi orúkọ oríkì pe Ọdẹ́bùnmi. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ìbọn ńlá náà. "Wò ó! Rẹ́gí!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yìn ín ná," ni Ẹnjiníà wí.

Ọdẹ́bùnmi yìn ín. Ilé mì tìtì. Ọta àkọ́kọ́ ha èjìká ère tí wọ́n fi ń dánra wò, ìbọn ta ọwọ́ rẹ̀ sókè, èkejì sì lu òrùlé.

"Ó ti kú!" ni Bàbá kígbe.

"Kí ló kú, Bàbá? Ṣé òrùlé mi ni?"

Ọdẹ́bùnmi bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ń ro ó. Ó gbé èyí tó kéré jù. Ó wọ àpò dáadáa, àmọ́ ìka méjì péré ló rí ibi dì í mú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja àrọ̀. Ó wá gbé ti àárín. Ìdí rẹ̀ kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọta mọ́kànlá ló wà níkùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà ju ọmọńdinrín lọ, ìka tó kéré jù lọ́wọ́. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Àyà ère ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bà.

"Ọta rẹ̀ kéré," ni Ẹnjiníà wí, "ṣùgbọ́n tó bá wọ ẹran, ńṣe ló ń là bí òdòdó, inú ẹran náà ló ń dúró sí. Ti ìbọn ńlá yẹn á gba inú ẹran kọjá, á tún wá nǹkan mìíràn lù. Ní Ọ̀nà Tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri ló wà lẹ́yìn ohunkóhun tí ẹ bá yìn."

"Ọ̀rọ̀ ìwé! Ìbọn tí ọmọńdinrín ń bọ̀, ṣé eku ilé la fẹ́ fi pa?"

Ẹnjiníà ní kí Ọdẹ́bùnmi fi ìbọn ńlá sí ìbàdí, kó kúnlẹ̀ kí Bàbá. Ó kúnlẹ̀; ìdí ìbọn gún un níhà, bùbá rẹ̀ sì ta sókè bí ti ẹni tó jí ẹja pamọ́. Ẹnjiníà wá mú ọ̀já kan tó ti rán àpò sí níwájú, ó ki ìbọn àárín bọ̀ ọ́, ó dì í mọ́ Ọdẹ́bùnmi lára. Agbẹ̀bí náà kúnlẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọnmọ. Kò sí ohun tó hàn. Bí ó sì ti nawọ́ báyìí, ìbọn ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ẹ má bínú," ló wí. "Ogún ìgbà ni mò ń kúnlẹ̀ lójúmọ́. Èyí ni mo lè máa gbé kiri. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀ nílé kò lè gbà mí."

Bàbá ti àtàǹpàkò sẹ́nu ìbọn náà. Kò wọlé. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò súre.

Ó dun Ọdẹ́bùnmi wọra. Láyé rẹ̀, kò tíì dáwọ́ lé ohunkóhun láìgba ìre lẹ́nu ọkùnrin yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìròyìn dé pé ìyàwó ti ń rọbí. Bàbá ti dúró sẹ́nu bodè kí Ọdẹ́bùnmi tó débẹ̀, ìbọn ńlá tó ti gbà lọ́wọ́ Ẹnjiníà wà lábẹ́ dàńṣíkí rẹ̀.

"Mi ò súre fún ìbọn yẹn o. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ajá fi ọmọ àbúrò mi jẹun."

Wọ́n dé àárín ọ̀nà. Ajá kan yọ lójijì, kò gbó, kò kùn, ó kàn ń bọ̀ ni! Ìbọn Bàbá há sí dàńṣíkí. Ọdẹ́bùnmi nawọ́ sí ọ̀já: pá! pá! Ọta méjèèjì wọ àyà ajá, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ yẹ̀, ó ń ṣubú lọ.

"Ó ti tó, Bàbá! Ó ti tó!"

Ṣùgbọ́n ìbọn Bàbá ti jáde, ọmọ ọdẹ kì í sì í fa ìbọn yọ lásán. Gbòà! Ọta gba inú ajá kọjá, ó lu ògiri jáde. Sììì! Èémí bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ẹnubodè méjèèjì ti ara wọn pa gbà, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn: wọn kì í ṣí àfi tí ihò bá dí.

Bàbá já fìlà, ó fi dí ihò. Ìta fà á mu bí ẹni gbé òkèlè mì. Àyà Ọdẹ́bùnmi ń fún pọ̀, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ni Bàbá bá ti àtàǹpàkò bọ ihò náà.

Ariwo dáwọ́ dúró.

"Wò ó," ni Bàbá wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Rẹ́gí."

Ẹnubodè ṣí.

"Bàbá, ọwọ́ yín..."

"Obìnrin ń rọbí, o dúró ń wo ìka àgbàlagbà! Máa lọ, Àníkẹ́!"

Ó sáré. Ó gbẹ̀bí ọmọbìnrin kan, igbe rẹ̀ gba gbogbo Igbá Kejì kan. Nígbà tí àwọn atúnṣe fi máa rí ihò náà dí láti ìta, àtàǹpàkò Bàbá ti dúdú bí èédú. Dókítà gé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ọdẹ́bùnmi wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Bàbá wo ọ̀já rẹ̀ títí.

"Gbé e wá."

Ọdẹ́bùnmi yọ ọta inú ìbọn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi aṣọ wé, ó ti ọmọńdinrín bọ ẹnu ìbọn náà. Ó wọlé rẹ́gí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ilé, ohùn rẹ̀ ròkè bí ti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń ki àtàǹpàkò, ó fò ó, ó sì ń bá a lọ.