Ẹyẹ Tí Ó Ń Ké Ní Yàrá Olómi

Olómi kú sórí ibùsùn rẹ̀ ní òru tí ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Eléèédú, ti dúró láàárín àgbàlá, ó ń pe ìyàwó náà ní àjẹ́.

"Níbo lo ti ń bọ̀?" ni Eléèédú ń bi í. "Obìnrin tó ní ọkọ nílé, níbo ló ti ń bọ̀ ní ìdájí? Ìpàdé yín ti túká, àbí? Ẹran ta lẹ pín lónìí?"

Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó di àpò ọ̀rá kékeré kan mú, oògùn ọkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Oògùn tí Olómi máa ń fín sẹ́nu ti tán ní ìrọ̀lẹ́ àná, ilé ìwòsàn tó sì ní in wà ní ìlú ńlá. Kí ó tó rí i gbà, ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti lọ. Orí bẹ́ǹṣì ló sùn. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún? Ó kọjá lára Eléèédú, ó wọlé lọ bá òkú ọkọ rẹ̀.

Èédú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí ń tà, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, àpò èédú rẹ̀ ló sì gba ìdajì àgbàlá. Aránṣọ ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Olómi ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ omi ìjọba ló ti ṣiṣẹ́, títí di ọjọ́ tí àgbá kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ omi mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Gbogbo wọn sá jáde. Olómi nìkan ló padà wọlé lọ dí ẹnu rẹ̀. Àwọn tó sá ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dòní. Olómi tó padà ni àyà rẹ̀ bàjẹ́. Ìjọba ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì ń san owó fún un lóṣooṣù. Owó àyà ni wọ́n ń pe owó náà nínú ilé.

Ìgbà tó ti ilé ìwòsàn dé ni ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Òru ló máa ń ké, ní yàrá Olómi. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì gùn. Á ké, á sinmi, á tún ké. Ará ilé gbọ́ ọ, ará ilé kejì gbọ́ ọ. Eléèédú sọ òkò sórí páànù títí páànù fi ń jò. Ní ọdún yẹn kan náà, oyún bàjẹ́ lára ọmọ Eléèédú, òjò pa odidi ọkọ̀ èédú kan mọ́ ọn lọ́wọ́, ewúrẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì kú. Gbogbo rẹ̀ ló dì jọ, ó gbé e ru Aránṣọ.

Aránṣọ mọ ẹyẹ náà. Òun ló ń sùn tì í. Àyà ọkọ rẹ̀ ni. Lójú ọ̀sán kò ní sọ nǹkan, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí òtútù sì dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bíi fèrè ọmọdé. Aránṣọ fẹ́ sọ fún wọn. Olómi ló kọ̀.

"Kí wọ́n lè máa wò mí bí ẹni tó ń kú lọ?" ó ní. "Èmi tí mo ń dá páìpù irin gbé? Jẹ́ kó jẹ́ ẹyẹ. Ẹyẹ sàn ju àánú lọ."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bi í ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn. "Ẹyẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹyẹ ni mò ń sìn. Tó bá yé ẹyin, màá fún yín ní ọ̀kan."

Eléèédú kò rẹ́rìn-ín. Eré tí ọkùnrin bá fi ẹnu ṣe, ìyàwó ilé ló máa ń san án.

Ní òwúrọ̀ tí ó bá a lókùú yìí, kí omijé tó dé ojú Aránṣọ ni ojú ti ń ta á. Yàrá ń rùn ata jíjó. Fèrèsé tí wọn kì í tì nítorí Olómi nílò atẹ́gùn, ẹnì kan ti tì í láti ìta, ó sì fi igi há a. Aránṣọ yí lọ sẹ́yìn ilé. Ìkòkò kékeré kan wà lábẹ́ fèrèsé, eérú kún inú rẹ̀, hóró ata tó ti dúdú wà láàárín eérú náà. Nínú ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń kó ẹ̀yinná sínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ìkòkò náà wọlé, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi àjákù aṣọ bò ó. Kò ronú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn ya wọlé.

Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, Oníẹ̀rọ wá kí i. Òun àti Olómi ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹ̀rọ omi nígbà ayé rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "owó àyà ti kú pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Owó opó ló kù. Wọ́n á máa san án fún ọ títí àwọn ọmọ fi máa jáde ilé ìwé, tó bá jẹ́ pé ohun tó ba àyà rẹ̀ jẹ́ náà ló pa á. Tó bá jẹ́ nǹkan míì, kọ́bọ̀ ò sí. Wọ́n máa ní ara rẹ̀ ti ń yá. Ọ̀nà míì tí ikú gbà wọlé ni wọ́n máa wá kiri, wọ́n sì mọ̀ ọ́n wá. Má ṣí ilẹ̀kùn kankan fún wọn."

Aránṣọ wo abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. "Tí ẹlòmíì bá ṣí i ńkọ́?"

"Ta ni?"

"Kò sí. Mo kàn ń béèrè ni."

Láti ọjọ́ náà, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò rọrùn. Eléèédú ti lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ omi, ó ní kí wọ́n má fún àjẹ́ lówó, ẹni tó pa èèyàn kì í jogún rẹ̀, kí wọ́n kó owó àti ọmọ fún òun. Àwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ wọn padà. Ọ̀kan tilẹ̀ gba èyí tí Aránṣọ ti gé, ó ní òun á máa lọ fi ṣe àkísà. Nídìí ẹ̀rọ omi, bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀, Eléèédú á pariwo:

"Ẹ yà fún ìyá ayé! Ẹ jẹ́ kí ìyá ayé pọn omi! Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mu lánàá ń gbẹ wọ́n lọ́fun!"

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì yà lóòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Aránṣọ sọ lọ́jọ́ kan, "ọjọ́ tí mo bá máa sọ̀rọ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ máa bẹ̀ mí kí n dákẹ́."

"Ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń halẹ̀ mọ́ mi! Bí ẹ bá jí tí ẹ bá òkú mi, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa dì lókùn o!"

Ata yín ni. Ìkòkò yín ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Aránṣọ. Ó gbé e mì, ó gbé omi rẹ̀ rù.

Ọmọ rẹ̀ àgbà, tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, tó sì ń sọ pé òun máa di nọ́ọ̀sì, bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í fèsì?"

"Ẹnu mi ni mo fi ń bọ́ yín," ó ní. "Tí mo bá là á, ebi dé."

Yàrá tí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó opó náà jókòó sí kò tóbi. Tábìlì gígùn kan, àga ike, fáànù òkè kan tó ń dún gìrọ̀-gìrọ̀. Alága jẹ́ obìnrin, dókítà kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ omi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń kẹ́dùn Olómi, akọni ni. Ó ní ṣùgbọ́n nígbà tí akọni náà wá fún àyẹ̀wò kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣeré, àyà rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yá, báwo ni àìsàn náà ṣe máa pa á?

Aránṣọ sọ tirẹ̀ ní kúkúrú. Ó ní àyà náà kò san, òun ló ń sùn tì í. Agbẹjọ́rò ní ẹni tó fẹ́ gba owó, kí ló tún máa sọ?

Wọ́n pe Eléèédú.

"Ara àbúrò mi dá ṣáṣá," ó bẹ̀rẹ̀. "Àyà rẹ̀ kò ṣe é. Obìnrin yìí ló pa á. Ẹyẹ rẹ̀ ló ń rán sí i lóròòru. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ, ẹ lọ béèrè!"

Alága fẹ́ dá a dúró, ṣùgbọ́n dókítà gbé ọwọ́ sókè. "Màmá, ṣé ẹyẹ yẹn máa ń ké lọ́sàn-án?"

"Àjẹ́ wo ló ń jáde lọ́sàn-án, dókítà?"

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Tí òtútù bá mú ńkọ́?"

"Háà! Ìgbà yẹn ló máa ń ké jù."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ níbòmíì, yàtọ̀ sí yàrá wọn?"

"Ó bá a dé yàrá mi! Nígbà tí òrùlé wọn ń jò, mo ní kí àbúrò mi wá sùn lọ́dọ̀ mi. Ẹyẹ yẹn tẹ̀lé e. Etí mi báyìí ló ti ń ké, àfi bí ẹni pé orí ìrọ̀rí ló bà sí."

"Níbo ni ìyàwó rẹ̀ wà ní òru yẹn?"

"Ó wà ní yàrá wọn, òun àtàwọn ọmọ, wọ́n ń fi abọ́ gba òjò."

"Tí àbúrò yín bá dìde jókòó ńkọ́?"

"Ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rù ọkùnrin máa ń bà wọ́n."

Dókítà yíjú sí alága. "Kò sí ẹyẹ kankan. Àyà ọkùnrin náà ló ń fọn. Òru ló máa ń le, ọ̀sán ni wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kò san rárá. Màmá yìí ti sọ ọ́ ju bí èmi ṣe lè sọ ọ́ lọ."

Aránṣọ gbé ojú sókè. Ó ti bọ́ sí i fún un. Obìnrin tó wá gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé e lé e lọ́wọ́.

Agbẹjọ́rò dìde jẹ́jẹ́. "Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ẹ fẹ́ràn àbúrò yín gan-an. Ó dá mi lójú pé ẹ ò lè káwọ́ gbera kí ẹyẹ máa jẹ ẹ́."

"Èmi? Kí n káwọ́ gbera?"

"Kí lẹ wá ṣe sí i?"

Aránṣọ ti dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó."

"Ẹ wojú rẹ̀! Ẹ̀rù ti bà á! Ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ!"

"Mo fi àwọn ọmọ àbúrò yín bẹ̀ yín."

"Àwọn tó kù tí o fẹ́ jẹ?"

"Ẹ jókòó, ìyàwó," ni alága wí. "Ẹ jẹ́ kí Màmá sọ tẹnu wọn."

Eléèédú na ọrùn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ibi tó ti máa sọ ọ́.

"Ní òru yẹn, mo rí i pé ó ti lọ sí ìpàdé wọn. Mo ní àyè ti yọ. Mo kó àwọn ọmọ wá sí yàrá mi. Mo kó ẹ̀yinná sínú ìkòkò, mo da ata gbígbẹ lé e, mo gbé e sábẹ́ fèrèsé, mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín rẹ̀ wọlé. Nígbà tí yàrá kún, mo ti fèrèsé, mo fi igi há a, kí ẹyẹ má bàa ríbi sá sí."

"Àbúrò yín ńkọ́?"

"Ó ń wúkọ́. Ó ń pè mí. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo ní kó fara dà á, pé ìṣẹ́gun ti dé."

"Ẹyẹ náà ńkọ́?"

"Ó ké, ó ké, ó ké. Ó wá dákẹ́." Ó nàka sí Aránṣọ. "Mo ṣẹ́gun rẹ̀! Obìnrin yìí ló ti jẹ ẹ́ tán kí n tó dé ibẹ̀!"

Fáànù ń dún. Agbẹjọ́rò ti jókòó, kò ní ìbéèrè mọ́. Eléèédú wo alága, ó wo dókítà, ó wo àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Kí ló dé?" ó ní. "Kí ló dé tí ẹ ń wò mí báyìí?"

Aránṣọ ló dá a lóhùn. Kò sí ohun tó ń fi ẹnu rẹ̀ pa mọ́ mọ́. "Ẹyẹ tí ẹ pa, àbúrò yín ni."

Ìgbìmọ̀ kò pẹ́ níta kí wọ́n tó padà wọlé. Wọ́n gbà pé àyà Olómi kò san. Wọ́n gbà pé èéfín ata ló pa á. Èéfín ata kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, nítorí náà owó opó kò sí.

Ọlọ́pàá mú Eléèédú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nígbà tí Aránṣọ kọ̀ láti bá a ṣẹjọ́. Nígbà tó délé, ìkòkò rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú eérú inú rẹ̀. Kò gbé e wọlé, kò sì gbé e dànù. Òjò rọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ra èédú lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Orúkọ àjẹ́ kò kúrò nínú ilé náà, yàrá ló pààrọ̀.

Oníbàárà tó gba aṣọ rẹ̀ padà ní gígé tún gbé òmíràn wá. Ó rọra sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "A ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ìyẹn gan-an ni àjẹ́."

"Kì í ṣe àjẹ́," ni Aránṣọ wí. "Àjẹ́ mọ ẹni tó ń pa."

Ó gba aṣọ náà, ó sọ ọ́ sí ẹ̀yìn fún ọmọ rẹ̀ àgbà. Ọwọ́ ọ̀sán ni, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà wà ní kíláàsì. Òun ní tirẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ká etí aṣọ ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ.