Ọmọ́wùmí Bọ́ Sílẹ̀ Nínú Ìlà

Ní bárékè Ọ̀jọ́, ẹnì kan kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ìlà. Láàárọ̀ gbogbo Sátidé, àwọn ọmọ sójà a tò sẹ́yìn Sájẹ́ǹtì Adéníran, wọn a máa sáré, wọn a máa kọrin lọ sí géètì. Ọmọ́wùmí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló máa ń wà níwájú. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé àìsàn ìfun wíwú ń bá a jà, tó ti mú un yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ rí. Ọmọ náà láyà, ká má purọ́.

Dókítà rẹ̀ ló ní kó máa ṣe eré ìdárayá. "Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé ó lè dín ìfun wíwú kù, wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n máa rọra ṣe é, má sì fi oògùn ẹ sílẹ̀ o." Ọmọ́wùmí gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò dúró gbọ́ ìparí.

Báyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tún dá kún un. "Ṣebí iṣan ẹ ti ń ṣe oògùn fúnra ẹ̀? Kí lo tún ń gbé oògùn mì fún? Ọmọ sójà ni ẹ́ o." Ni Ọmọ́wùmí bá ju oògùn sísàlẹ̀ àpótí, ó fi kún eré.

Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi padà dé. Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ò ń lo oògùn ẹ?"

"Mò ń lò ó, mà."

Ní Sátidé kan, inú rírun mú un lójú ọ̀nà. Bó bá fara dà á dé géètì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àmọ́ àìsàn á máa jẹ ẹ́ lọ. Bó bá dúró, gbogbo bárékè á gbọ́. Ojú tì í gan-an, síbẹ̀ ó yà sórí koríko.

"Ta ló ní kó o dúró?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Ẹ má bínú, sà. Ìfun mi ló ń ṣàìsàn. Mi ò lo oògùn mọ́, mo sì ń purọ́ fún màámi."

Sájẹ́ǹtì ṣí fìlà. "Mo ti kó sójà lọ sójú ogun," ó ní. "Díẹ̀ nínú wọn ló lè sọ ohun tó o sọ yìí lójú gbogbo èèyàn." Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ bá ìyá rẹ̀, wọ́n sì gba ọsibítù lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ní báyìí, ó ń lo oògùn, ó sì ń rìn lẹ́yìn ìlà níwọ̀n agbára rẹ̀. Báyọ̀ máa ń bá a rìn, ẹnikẹ́ni ò rán an. Eré ìdárayá dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò oògùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ara yín ò bá yá, ẹ sọ ọ́ síta bíi Ọmọ́wùmí, kó tó pẹ́ jù.